Ẹja Tó Ń Sùn Nínú Ẹrẹ̀

Fatimah, Ṣàmsúdéènì, ẹ jókòó. Ikú ti sún mọ́ mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ba bàbá yín lórúkọ jẹ́, èmi Kàmọ́rù ni mo ṣe é.

Ẹ mọ̀ pé Alárápé bàbá yín ló ń ṣọ́ àbàtà tí ìjọba dáàbò bò lẹ́yìn Coal Camp, àdúgbò tí gbogbo wa ń gbé nígbà náà. Ojú oró àti òṣíbàtà bo omi náà. Àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ń pamọ lórí igi kúkúrú àárín rẹ̀, nítorí ajá kò lè gba inú omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mò ń la ojú gọ́tà abẹ́ irin. Lọ́dọ̀ wa, omi tó bá dúró sójú kan, ọ̀tá ni. N kò ka omi yẹn sí.

Bàbá yín wá sọ fún mi pé ẹja kan ń bẹ níbẹ̀ tí omi rẹ̀ lè gbẹ kí ó má kú. Ó ní ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tí yóò máa sùn, tí yóò máa mí bí èèyàn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí ará rélùwéè lọ bi ọkọ̀ ojú irin léèrè. Láti ìgbà náà ni ẹja yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó lọ kírun, èmi kò lọ. Mo yọ pákó tí wọ́n fi dí ẹnu omi. Mo fẹ́ kí ó fà díẹ̀ kí n lè rí ẹja náà ni, àmọ́ pákó náà ti jẹrà, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Omi ya lọ, mo sá. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà. Omi kò padà. Àwọn ajá rìn wọlé, wọ́n jẹ ọmọ ẹyẹ tán.

Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bi bàbá yín pé ta ló ṣe é. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n lé e. Àwọn ará wa, àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀, ní ó ta omi fún àwọn apẹja ni. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Mo mi orí bí ẹni tó gbà. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: nígbà tí ọyẹ́ mú tí ẹrẹ̀ gbẹ, mo lọ gbẹ́ ẹ. Mo rí ẹja náà, ó ká bí òṣùká.

Lọ́jọ́ tí ìtìjú lé bàbá yín padà sí Ìsẹ́yìn, mo sìn ín dé ibùdó ọkọ̀. Ó ní, “Kàmọ́rù, n kò rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ìlà ìrun lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ṣé o rí ẹja náà?” Mo ní mo rí i. “Ṣé ó ń mí?” Mo ní, “Ó ń mí, ẹ̀gbọ́n.” Ó ní, “Ṣé mo purọ́?” Ó wọ ọkọ̀.

Ó kú sílé pẹ̀lú orúkọ olè. Ẹ pe àwọn ará wa wá nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. N ó tún un sọ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú.