Ọkọ̀ Ò Pẹ́, Ẹrù Ló Pẹ́

Ní gáréèjì Ṣakí, níbi tí a ti ń dúró kí mọ́tò kún, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìyá oníṣu kan láti Ògbòòrò àti ọkùnrin tó ń bá ọkọ̀ ojú irin wá ẹrù.

"Ìyá, ẹ tún fún wa níṣu. Ọkọ̀ wa kì í pẹ́ mọ́."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Ọkọ̀ ò pẹ́. Ẹrù mi ló pẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹrù yín ò sí nínú ọkọ̀ ni?"

"Ó wà nínú wágúnù, yàrá ẹrù tí ọkọ̀ ń fà. Ẹ já wágúnù náà sílẹ̀ lọ́nà, ẹ ní kó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kó tó dé Èkó, iṣu ti jẹrà. Oníbàárà mi fọwọ́ bomú."

"Àwọn ọ̀gá ló dín ọkọ̀ kù nítorí owó epo. Ẹrù ọkọ̀ méjì ni ẹyọ kan ń fà báyìí. Èyí tí kò bá lè fà, á já a sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró dè é, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ pẹ́."

"Ta ló wá ń kọ tèmi pé ó pẹ́?"

Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń so wágúnù mọ́ra, tí mo sì fẹ́ràn kí ọkọ̀ gbéra lásìkò, mo yíjú sí ìyá náà.

"Màá fún yín lẹ́rù," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ bó iṣu náà, màá bọ̀ ọ́, màá sá a gbẹ. Gbodo, iṣu tó ti gbẹ, lè dúró dè yín. Ẹni tó ń fẹ́ iṣu tútù l'Ékòó, màá ní kó wá ẹlòmíràn."