Ìparí Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ìwé Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin àgbà inú ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé wa, ọ̀gá mi, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń yá ìwé tí ẹ kì í dá a padà lásìkò, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n jókòó níwájú yẹn, tí a jọ ń gbé. Mo kí Ọ̀gá Káfíńtà tí wọ́n kan gbogbo pẹpẹ ìwé inú ilé yìí, tí wọ́n wá lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún ìwé tó ti já ṣe nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ìyá Gúlúù, mo sì gbà á, torí kò sọ́jọ́ tí gúlúù kì í wà lábẹ́ èékánná mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére, kí n sì dárúkọ ìwé tuntun mẹ́ta tí mo gbádùn jù lọ́dún tó kọjá, kí ẹ lè rí nǹkan kà. Ó dáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀: méjì nínú ìwé mẹ́ta yìí ló kó mi sí wàhálà, ẹni tí mo ṣẹ̀ sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Mi ò ní kúrò níbí láìsọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń yan ìwé? Èmi kì í ka ọ̀rọ̀ ìpolówó tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó ti já ni mo máa ń wò. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ràn kì í já. Ìwé ìfẹ́ máa ń já níbi tí àwọn méjèèjì ti jà, torí ibẹ̀ lẹ máa ń padà sí. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń já lápá ẹ̀yìn, torí àwọn kan nínú yín máa ń yọ́ ìparí wò kí wọ́n tó ka orí kìíní. Ẹ má wo ara yín, mo mọ̀ yín! Ìwé ìtàn ayé àtijọ́ ńkọ́? Ojú ewé tí wọ́n to ìdílé sí, ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá *Ọdún Tí Odò Yà* kà. Láyé àtijọ́ ni, odò ìlú kan ṣàdédé yà gba ibòmíràn, gbogbo ìlú sì kó tẹ̀ lé e, àfi obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò tó ní òun ò lọ síbì kankan. Kí ló fẹ́ máa mu? Ta ni yóò ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lọ́kàn débi pé mo gbàgbé gúlúù lórí iná, ó jóná kanlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè ń pariwo pé ilé ń jó, èmi ń ronú nípa amọ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ yàrá mi ló sáré wọlé pa iná, kò sì fẹjọ́ mi sùn títí dòní. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìkejì ni *Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Keje*. Onílé ìtura kan kú sínú yàrá tí wọ́n tì látinú. Ẹnu ọ̀nà kan, kọ́kọ́rọ́ kan, àlejò mẹ́fà tí gbogbo wọn ń purọ́. Ìkẹta ni *Lẹ́tà Sí Aládùúgbò*. Opó kan ń gbé lókè, Dókítà kan ń gbé nísàlẹ̀, ojú sì ń ti àwọn méjèèjì láti sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń ti lẹ́tà síra wọn gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé yẹn: ṣé ẹni tó ti sin ọkọ lè tún ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn?

Wàhálà ti dé nìyẹn. Ọjọ́ kan náà ni ìwé méjèèjì dé orí tábìlì mi. Wọ́n tóbi bákan náà, bébà wọn bára mu, ìdì ewé tó gbẹ̀yìn sì ti bọ́ lára wọn. Kì í wá ṣe ẹjọ́ gúlúù, ẹjọ́ ojú mi tó fẹ́ mọ gbogbo nǹkan ni. Mo ṣáà fẹ́ mọ ẹni tó pa onílé ìtura yẹn! Ojú mi wà nínú ìwé, ọwọ́ mi wà nínú gúlúù, mo sì lẹ ìparí tibí mọ́ tọ̀hún. Mi ò mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo mú ìwé ìfẹ́ yẹn lọ sílé fún ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn kan lára yín mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Ọ̀gá Káfíńtà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí àwọn fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kan. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń ka ìwé náà lọ. Wọ́n kà á débi tí opó náà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí ewé tó kàn, ewé yẹn ní ọlọ́pàá mẹ́ta wọlé, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Dókítà lọ́wọ́. Ẹ gbà mí! Dókítà kan wà nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà o. Bóyá òun ló pààyàn tàbí òun kọ́, ẹ lọ kà á fúnra yín. Ẹ̀gbọ́n mi ò ka ewé kan kún un. Wọ́n ju ìwé sórí àga, wọ́n ní, "Ẹni tó ń kọ lẹ́tà dídùn bí oyin, àṣé apààyàn ni!" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá Ọ̀gá Káfíńtà, wọ́n ní rárá, ìwé kan ti la òun lójú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tísà Àgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn mú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ padà wá. Wọ́n ní, "Ìyá Gúlúù, mo fẹ́ mọ ẹni tó pààyàn, ìwé yín ní kí n wá síbi ìgbéyàwó!" Gbogbo ọ́fíìsì fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kà nílé. Mo tú ìwé méjèèjì, mo dá ìparí kálukú padà fún un, mo sì dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí mo dákẹ́? Ẹ̀rù ló bà mí. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ, ta ni yóò bi mí nírọ̀lẹ́ pé, "Ìwé wo lo tún gbé bọ̀ lónìí?" Ìdí náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ dá gbé.

Ó tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ. Ọ̀gá Káfíńtà wá yá ìwé náà lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin yẹn ṣílẹ̀kùn. Kí ni ẹ̀gbọ́n yín wá rí níbẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ mí?" Mo wò wọ́n lójú, mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìparí tẹ́ ẹ kà kì í ṣe ti ìwé yẹn. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àṣìṣe ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtìgbà náà wá, irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Dókítà inú ìwé tiyín ò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Káfíńtà náà ò pa ẹnikẹ́ni.

Áà, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́.

Wọ́n ní, kí ni obìnrin náà wá sọ nígbà tó ṣílẹ̀kùn?

Ẹ má bi mí. Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mẹta ló wà lẹ́yìn yẹn.

Ẹ fún wọn lọ́nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹ̀yin ìlà kẹrin, ẹ ká ẹsẹ̀ yín. Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ sún díẹ̀, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n wà lórí ìdúró ni?

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàdúrà kí n tó jókòó. Ẹni tó ń retí ìdáhùn nínú yín, ìdáhùn rere á dé bá a. Ẹni tó gbọ́ èyí tí kì í ṣe òótọ́, òótọ́ á wá a kàn. Ilé ìkàwé yìí á máa kún, ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ràn kò ní wọ́n yín. Ó ku àdúrà kan fún èmi náà: kí Ọlọ́run kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Ẹ ṣé o.