Ìbú Ìka Kan tí Mo Gé Lára Ọ̀pá Ìwọ̀n Suleiman

Ẹ̀yin ọmọ Suleiman tí ẹ wà ní Ìṣùà, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà, àti ẹ̀yin ọmọ tí mo fi inú ara mi bí, tí ẹ rò pé ẹ mọ ìyá yín, ẹ fa àpótí, kí ẹ jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ọmú mi ṣì ń wo iwájú. Ọmú náà ti ń wo ilẹ̀ báyìí, ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì jáde. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ mi ti wú, èémí mi ń já bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, mo sì mọ ohun tí ìyẹn ń sọ fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, pẹ̀lú lẹ́tà wíwọ́ tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Èmi Àsàmáù, ọmọ Láwàl alágbẹ̀dẹ Ọ̀kà, ni mo ba iṣẹ́ Suleiman jẹ́. Ojú rẹ̀ kò tàn án. Èmi ni mo tàn án.

Bàbá mi kò bí ọmọkùnrin. Láti ìgbà tí mo ti lè gbé igbá omi ni ó ti gbé mi ka orí kùkùté ìdí ẹwìrì, ó fi ọ̀pá méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fẹ́ná. Fún ẹni tí kò bá rí ẹwìrì rí, awọ ẹran méjì ni, wọ́n dì í bí àpò. Bí o bá ti ń tẹ ọ̀kan wálẹ̀ ni o gbọ́dọ̀ máa fa èkejì sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà já lórí iná. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí irin yóò fi pọ́n. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Ìdí mi gbẹ́ ihò méjì sára kùkùté yẹn, èjìká mi sì ga bí ti akọ màlúù. Ọkùnrin kan wá láti Àjọwá láti wò mí bóyá yóò fẹ́ mi. Ó rí apá mi, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sílé, kò tíì padà dé títí di òní. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ọkọ, wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Nínú ilé àrọ bàbá mi, bí èmi kò bá tíì dé, iṣẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń fi àwọn ọkùnrin wa la ọ̀nà láti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá tó kán wá bá wa, iná wa kì í kú. Suleiman ni ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni, ọmọ Ìkàrẹ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá tíì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ẹ̀wẹ̀, mo máa ń sọ̀rọ̀ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ìkàrẹ́, Samuel télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ dé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a ó fi ojú rí. Gbogbo èèyàn ń wo abẹ́rẹ́. Suleiman nìkan ni ó dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀, tí ó ń wo abẹ́ tábìlì, débi pé àwọn obìnrin tó dúró níbẹ̀ ká aṣọ mọ́ra, wọ́n ń bi í pé kí ló ń wá lọ́hùn-ún. Kò gbọ́ wọn. Nígbà tó dìde, erùpẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Àsàmáù, ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ń lọ sókè sódò, kẹ̀kẹ́ sì ń yí po. Kí ló sọ ọ̀kan di èkejì?"

Oṣù mẹ́ta ni ó fi wá ìdáhùn. Ara tèmi ni ó fi kọ́ mi. Ó di apá mi mú (apá lásán ni o, ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn, bí èmi fúnra mi tilẹ̀ ti rò ó), ó ní ìgúnpá mi kò lè ṣe ju kí ó ká kí ó sì nà lọ, nítorí pé oríkèé tó wà níbẹ̀ kò gbà á láyè láti ṣe òmíràn. Ó ní bí a bá fi irú oríkèé bẹ́ẹ̀ so igi mọ́ igi, tí a sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, a kò ní láti bẹ̀ wọ́n mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn yóò máa gbà, lónìí àti lọ́la. Ó gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá kan láti ara ìrókò. Ó kan èèkàn mọ́ ọn, kì í ṣe ní àárín gan-an, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí i díẹ̀. Láti ara èèkàn yẹn, apá igi kan sọ̀ kalẹ̀ dé orí pátákó tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èèkàn méjì kọjú síra, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan ṣe ń fa ẹwìrì ọ̀tún sókè ni èkejì ń tẹ ti òsì wálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ náà fi wúwo bí òkú erin. Ó ní ibi méjì wà nínú yíyí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò ti lè ràn án lọ́wọ́, níbi tí apá àti èèkàn bá ti tò sójú ìlà kan. Ìwúwo rẹ̀ ni yóò gbé e kọjá ibẹ̀. Mo ti rí ọba lórí ẹṣin, mo ti rí ọkọ̀ òfuurufú. N kò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó ọjọ́ tí Suleiman gbé ẹsẹ̀ lé pátákó yẹn, tí ẹwìrì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí mí bí ẹni tó sun oorun àsùnwọra, tí iná ń pọ́n, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lófo fún ẹ̀mú àti òòlù.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àsàmáù, ìdí rẹ bọ́ lọ́wọ́ kùkùté. A ó wá ọkọ fún ọ wàyí." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ló sì dún jù. Ṣùgbọ́n inú mi tutù bí irin tí a tì bọ omi. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé ni yóò lé mi kúrò níbi tí mo fẹ́ràn jù láyé. Ẹ wo ìwà àgọ̀ mi: n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti dá a lẹ́jọ́ tán nínú ara mi.

Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní àṣà kan nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gba òmìnira, kí ó tó lè ní ilé àrọ tirẹ̀, yóò rọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn àgbà ní Ìkàrẹ́. Iná ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà fún un. Bí irin náà bá ti tutù, kò gbọ́dọ̀ kì í bọ iná mọ́. Suleiman ní ẹwìrì ẹlẹ́sẹ̀ ni òun yóò fi gba òmìnira, apá tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ pátákó ni òun yóò sì fi irin rọ níṣojú wọn. Ó fi apá igi náà kọ́ sára ògiri ní Ọ̀kà kí ó má baà là lọ́nà. Ó gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bá a dọ́gba, ìyẹn ni ọ̀pá ìwọ̀n tí yóò mú dání. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, bí ó ti ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́, mo mú ọparun náà, mo fi orí rẹ̀ yún òkúta ìpọ́nbẹ títí ìbú ìka kan fi lọ, mo fi èédú pa ojú ibẹ̀ kí ó lè dúdú bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, èmi ń yún ọparun. N kò ṣèèṣì. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ mi ni mo lò: mo mọ̀ pé bí apá bá kúrú, nígbà tí èèkàn bá dé ibi tó jìnnà jù, apá àti pátákó yóò nà tán, kò ní sí ibi tí wọn yóò nà dé mọ́.

Ní Ìkàrẹ́, Bàbá Adébíyìí, olórí ẹgbẹ́, jókòó, àwọn àgbà tó kù yí i ká, bàbá mi wà láàrin wọn. Wọ́n ti ri òpó kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Suleiman fi ọparun wọn irin, ó sì rọ ọ́. Ta ló ń fẹ́ná fún un? Èmi yìí kan náà, lórí ẹwìrì àtijọ́, ọ̀tún, òsì, bí ẹni rere. Irin tutù, ó so ó, ó gbé ẹsẹ̀ lé pátákó. Kẹ̀kẹ́ yí, ó ń gòkè, èèkàn ń jìnnà, apá ń nà, ó nà bí apá ẹni tó fẹ́ já èso tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó dúró. Suleiman yí kẹ̀kẹ́ padà láti ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ tún dúró sí ibì kan náà. Ẹnì kan láàrin èrò ní kí wọ́n já koríko fún kẹ̀kẹ́ náà, bóyá ebi ló ń pa á. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Suleiman kúnlẹ̀, ó fi ọparun lé irin. Wọ́n dọ́gba.

"Ta ló gé ọ̀pá yìí?" Bàbá Adébíyìí ló bi í.

"Èmi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n apá igi tí mo fi gé e wà ní Ọ̀kà."

"Lọ mú un wá. Bí igi bá gùn ju ọ̀pá lọ, ẹnì kan ló fọwọ́ kan ọ̀pá, a ó dá iná mìíràn fún ọ. Bí wọ́n bá dọ́gba, tàbí tí o kò rí igi mú wá, kò sí òmìnira."

Suleiman kò fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó kọ́kọ́ ń tú u. Mo di ikùn mú, mo ní ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí. Kò sí ẹni tó ń dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dúró. Mo ká ìró dé itan, mo gba ọ̀nà oko, mo sá títí mo fi dé Ọ̀kà. Mo gbé iṣu kaná, mo já apá igi náà lára ògiri, mo kì í bọ abẹ́ ìkòkò. Kò fẹ́ jó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ẹnu ara mi fẹ́ ẹ títí ó fi gbiná. Nínú gbogbo iná tí mo fẹ́ láyé mi, ìyẹn nìkan ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà tí Suleiman wọlé, òógùn bò ó. Ó wo ògiri, ó wo ààrò. Mo ní mo rò pé ẹ̀yin kò lò ó mọ́, Ẹ̀gbọ́n, mo fi dáná. Ó kọjú sí mi.

"Àsàmáù, kò sí ẹlòmíràn tó mọ ẹ̀rọ yìí tó mi àfi ìwọ. Ṣé ojú mi ló tàn mí?"

Ọ̀nà ṣì wà fún mi níbẹ̀. Mo ní, "Ojú yín ló tàn yín, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. Mo bu iṣu fún un, ó jẹ ẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò padà sí Ìkàrẹ́, kò sì mú òòlù mọ́. Ó lọ dáko ní Ìṣùà, ibẹ̀ ni ó kú sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Kẹ̀kẹ́dúró. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi ìsìnkú kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Memunat ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Kẹ̀kẹ́dúró, ó sì dáhùn bí ẹni pé orúkọ ni. Mo gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, mo dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn tí Suleiman lọ ni bàbá mi sọ fún mi pé, "Ó ti bẹ̀ mí pé bí ẹgbẹ́ bá gbà á, kí n kọ́ ọ ní òòlù. Ó ní ọwọ́ rẹ ni òun fẹ́ tú sílẹ̀." Ọwọ́ tèmi. Mo tún jókòó lórí kùkùté yẹn fún ọdún mẹ́fà, bàbá mi kú, wọ́n ti ilé àrọ pa, nítorí pé ẹni tó ń fẹ́ná kò mọ irin í rọ.

Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí Zacchaeus káfíńtà gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà bí ó ti wà. Mo sọ gígùn ohun gbogbo fún un. Apá náà gùn láti orúnkún mi dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò fi ohunkóhun dín. Mo gbé ẹsẹ̀ wíwú mi lé pátákó. Èèkàn gòkè, ó jìnnà, mo di ojú. Ó kọjá. Ó tún kọjá. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Zacchaeus rò pé orí mi ti yí pẹ̀lú kẹ̀kẹ́.

Ó wà ní àgbàlá mi. Memunat, wá gbé ẹsẹ̀ lé iṣẹ́ bàbá rẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé nǹkan tuntun yóò gba ipò yín, ẹ bi ẹni tó ṣe é léèrè kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ mú irin yín wá, kí ẹ dá iná ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ rọ apá náà ní gígùn tó yẹ, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí ibojì rẹ̀ ní Ìṣùà, kí ẹ pè é ní ọ̀gá sókè ketekete, bí ẹ ti ń pe ẹni tó gba òmìnira. Ẹ ṣe ìyẹn kí ẹ tó ro ọ̀rọ̀ tèmi. Bí mo bá ṣì ń mí nígbà tí ẹ bá dé, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ lè foríjì mí. Bí n kò bá mí mọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ó ti kọ́kọ́ dá Suleiman lóhùn, òun ló yẹ.