Wọ́n Fi Ohùn Mi Rẹ́rìn-ín ní Ìbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, mi ò ní fi bò fún yín. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa wa ẹ̀rọ, ọkàn mi á wà níbòmíràn. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà lọ́wọ́ mi tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ gbà. Tí kò bá rí i gbà, kò ní lè parí yunifásítì lọ́dún yìí. Gbogbo àdúgbò ló ń bẹ̀ mí pé kí n gbé e fún un. Àmọ́ kí ẹ̀yin náà tó bá wọn bẹ̀ mí, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Télọ̀ ni mí. Níwájú bárékè Ọ̀jọ́ ni ìsọ̀ mi wà, àwọn ìyàwó sójà ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Bàbá mi yọ mí kúrò níléèwé kí n tó ka ìwé mẹ́fà tán, ó ní ìdí ààrò ni ìwé obìnrin máa ń parí sí. Òyìnbó tí mo ń sọ, fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á máa tẹ̀ lé e nídìí ẹ̀rọ mi, màá máa sọ ọ́ jáde. Àwọn obìnrin tó wá láti Bẹ́núè, láti Kàlàbá, kí la ò bá máa fi bára wa sọ̀rọ̀? Òyìnbó yẹn ló bọ́ mi, òun náà ló rán ọmọ níléèwé. Ta ló wá ní kò dáa?

Rẹ̀mílẹ́kún ni mo sọ ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó bí i. Mo bí ọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀. Ó rìn, ó sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní màámi, èéyi sì mú un lọ. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: ọ̀fọ̀ ọmọ, a kì í sọ ọ́. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá ọkọ mi ní kí n pa ẹnu mọ́, kí èyí tó ń bọ̀ má baà gbọ́ kó yí padà. Mo pa ẹnu mọ́. Èmi àti ọkọ mi ò jọ sọ ọ́ rí títí tóun náà fi kú. Rẹ̀mí dàgbà, mi ò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn ò gba ẹnu mi jáde.

Nígbà tí Rẹ̀mí wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ Òyìnbó náà ló lọ kọ́. Ẹ ò rí bí mo ṣe jó! Ó gba yàrá sí Ìbà. Àmọ́ bó bá ti wálé sọ́dọ̀ mi ní Òkòkómáíkò, wàhálà dé nìyẹn. "Màmá, ẹ̀ ń tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà. Òyìnbó máa ń tẹ ibì kan, á rọra fo ibì kan." "Màmá, ẹ má dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ wọn máa ń wọnú ara wọn ni." Mo ní, "Ìwọ Rẹ̀mí, ṣé ọ̀rọ̀ ni àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jiná jù?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú èdè tiwa, ohùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. O bá gbé ọ̀kan mì, ọ̀rọ̀ dàrú. Bí mo ṣe ń ránṣọ náà ni mo ń sọ Òyìnbó, mi ò fo ojú abẹ́rẹ́ kankan. Mo rò pé eré là ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun kan nínú bárékè, òun ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde ni Màmá Ene wọlé, ìyàwó sójà kan láti Bẹ́núè tó gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ jòjòló fún mi rán. Ó ní kí n má rán an mọ́. Ọmọ náà ti kú. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Làìbéríà, kò tíì gbọ́. Obìnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wa ẹkún mu. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ èdè tirẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo jókòó tì í, mo sì fi Òyìnbó sọ tèmi fún un. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ náà ló jáde, bí ọmọkùnrin mi ṣe ń pè mí, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná lẹ́yìn mi. Nínú Òyìnbó, kò sí ìyá ọkọ tí yóò ní kí n dákẹ́. A sunkún tán, a nujú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé súwẹ́tà tuntun lọ fún Rẹ̀mí ní Ìbà. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo gbọ́ ohùn mi nínú ilé. Ohùn èmi! Ọ̀rọ̀ ọmọ mi tó kú ni mo ń sọ, ẹ̀rín ni Rẹ̀mí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rín. Ọmọkùnrin kan ní, "Dá a padà, dá a padà! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìyá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i!" Ó ń gbá tábìlì, kó, kó, kó, bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Rẹ̀mí ní, "Ẹ gbọ́, níbí yìí, ó yẹ kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó tún gbé e sókè!" Áà! Ẹkún ló gbé e sókè, ìwọ ọmọ yìí! Ẹkún ni! Ẹnì kan wá bi í pé, "Ta ni ìyá yìí gan-an?"

Ó ní, "Télọ̀ kan ni, níwájú bárékè."

Télọ̀ kan. Èmi tí mo gbé e pọ̀n!

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Mi ò pariwo. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo tì í bọ àyà mi. Ọmọkùnrin tó ń sín mi jẹ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàsán, mà." Rẹ̀mí kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, pírójẹ́ẹ̀tì mi ni!" Mo gbé súwẹ́tà mi padà sílé.

Orí ohùn yẹn, bí Yorùbá ṣe ń pe Òyìnbó, ló kọ gbogbo ìwé àṣekágbá rẹ̀ lé, olùkọ́ rẹ̀ sì ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Àkókò ti lọ, kò lè gba òmíràn. Ó rán bàbá onílé wa sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá Rẹ̀mí, a kì í torí pé ọmọ ṣu síni lẹ́sẹ̀ ká gé ẹsẹ̀ dànù." Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi kọ́ tèmi o. Èmi gan-an ló tà."

Lánàá, ó wá fúnra rẹ̀. Mo bi í pé, "Kí ni mo sọ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà?" Ó ní, "Ẹ̀ ń bá oníbàárà yín kan kẹ́dùn ni, Màmá. Ọmọ kan ló kú." Mo ní, "Ọmọ ta ni?" Ó ní, "Ọmọ obìnrin yẹn ni, àbí?"

Ẹ gbọ́ mi! Ó mọ gbogbo ibi tí mo tẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kí n fò, kò sì gbọ́ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbé e fún un, kí àwọn tí mi ò mọ̀ rí jókòó yí òkú ọmọ mi ká, kí wọ́n máa fún un ní máàkì? Àbí kí n fi í sínú iná, kí ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù padà wá jókòó sílé? Ìyàwó onílé ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Mo gbìyànjú láàárọ̀ yìí, èmi nìkan nínú ìsọ̀. Mo la ẹnu ní Yorùbá, kò jáde. Òyìnbó nìkan ló ń gbà á. Tí mo bá sì fi Òyìnbó sọ ọ́ fún Rẹ̀mí, ẹ̀yin ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ mi ni yóò gbọ́, àbí ẹnu mi ni yóò máa wò?