Yorùbá Tó Fẹ́ Gbé Lọ sí Japan

Orí ìlà níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane, ní London, ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọbìnrin kan àti àǹtí rẹ̀ tí wọ́n wà níwájú mi.

"Sọ ọ́ ní English jàre, ọ̀rọ̀ ẹ ti pẹ́ jù lẹ́nu," ni àǹtí wí.

"Rárá, Aunty. Ẹ jẹ́ ó pẹ́."

"Japan ni yunifásítì rán ẹ lọ kàwé. Ṣé Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni?"

"Ìyá àgbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló bi mí pé báwo la ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní èdè wa. Mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n rò pé Japanese wọn ni kò yé mi, ni wọ́n bá tún un bi mí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Aunty, ìbéèrè yé mi. Èsì ni mi ò ní."

Ìlà sún síwájú.

"Mò ń padà lọ parí ẹ̀kọ́ mi ní September. Màá dá wọn lóhùn."

"'Ẹ kú iṣẹ́' là ń sọ," ni àǹtí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mo ti mọ ìyẹn báyìí. Ẹ kọ́ mi ní èyí tí àwọn náà máa fi dá mi lóhùn."