Ẹ̀yìn Ìjàǹbá Ni Mo Já Ewé Yẹn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníkatakata Ìbàràpá, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n wá bá àwọn awakọ̀ tuntun sọ̀rọ̀ lórí òfin gbígbé katakata wọ ojú títì. Níjẹta, akọ̀wé yín mú ìwé tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri wá fún mi, mo sì kà á. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé bí katakata bá bàjẹ́ lójú títì, kí awakọ̀ ṣe bí èmi Àjíkẹ́, Màmá Ṣèyífúnmi, ti ṣe lọ́nà Èrúwà, ẹni tó já ewé sójú ọ̀nà kó tó jókòó. Irọ́ ni. Mo já ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni mo já a. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé irọ́ yẹn kiri, ẹ̀yin náà sì ń fi yìn mí. Ara mi le. Kò sí pásítọ̀ tàbí àáfà tó yí mi lọ́kàn padà. Ìwé yín yẹn ló bí mi nínú. Ẹni tó bá ń retí pé kí n sunkún, kó máa lọ sílé.

Ẹ rántí Tíṣà Bámiṣẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Igbó-Ọrà. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó wá sí ìpàdé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú ìwé òfin ojú títì lọ́wọ́. Irin ìtulẹ̀ tó yọ síta lẹ́yìn katakata kan ló fa aṣọ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan ya lójú ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kó fa ọmọ náà lọ. Ohun tó gbé e wá nìyẹn. Ó ka òfin náà fún wa. Katakata tó bá máa wọ títì gbọ́dọ̀ ní iná níwájú àti lẹ́yìn. Kí a lẹ nǹkan pupa tó ń dán mọ́ ìdí tirela. Kí a gbé irin ìtulẹ̀ sókè, kí a há a dáadáa kó má baà já lulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí ẹrù. Bí ó bá bàjẹ́, kí a fà á kúrò lórí ọ̀dà. Bí kò bá ṣeé fà, kí a fi àmì sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ ewé la rí. Ó fi èdè dídùn sọ gbogbo rẹ̀. Èmi kì í fẹ́ èdè dídùn. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, mo máa ń wò ó pé kí ló fẹ́ tà fún mi. Mo dìde, mo ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti fọwọ́ kan sítíárì katakata rí?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ṣé ìwé yín yìí lè tu eéka kan?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí náà ni. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ láti ẹ̀yìn pé kí tíṣà kọ́kọ́ lọ so iná mọ́ ìdí ewúrẹ́ ilé ẹ̀. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ní, "Màmá, kò sóhun tó ń sáré bọ̀ wá pàdé yín lóko. Lójú títì, èèyàn ló ń sáré bọ̀." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìdí tí mo fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ, lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti Mùstàfá tó ń wa katakata mi kó ẹ̀gẹ́ kún tirela lóko kan lọ́nà Èrúwà, à ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí ní Igbó-Ọrà. Tirela náà ò ní iná kankan lẹ́yìn. Kò ní nǹkan pupa kankan. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, bẹ́ríǹ táyà kan fọ́, tirela dúró gbagidi, ìdajì rẹ̀ lórí ọ̀dà, kété tí èèyàn bá ti yọ ní kọ́ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ Bàbá Akínladé. Mùstàfá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n já ewé sílẹ̀ kí n tó lọ wá bẹ́ríǹ." Gbogbo wa la mọ ewé. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tó máa rí ewé tútù lójú títì tí kò ní dẹ eré. Àwọn bàbá wa ti ń já a kí wọ́n tó bí tíṣà. Ṣùgbọ́n nítorí pé tíṣà ti kà á mọ́ òfin tirẹ̀, ó di nǹkan tí mi ò fẹ́ ṣe mọ́. Mo ní, "Ta ni ò ní rí tirela tó ga tó ilé? Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó lọ. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń jẹ ẹ̀pà. Awakọ̀ takisí kan rọra kọjá, ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyá, ẹ já ewé o, oòrùn ń wọ èèyàn lójú." Mo ní kó lọ já a fún ìyá ẹ̀. Mo lè sọ fún yín pé mo gbàgbé ni, ẹ ó sì gbà. Mi ò gbàgbé. Ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi jókòó síbẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ ò sì jìnnà sí mi ju bí mo ṣe jìnnà sí yín yìí lọ.

Aago mẹ́fà ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Tíṣà Bámiṣẹ́ àti Àyànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yọ ní kọ́ọ̀nà lórí ọ̀kadà. Wọ́n ti lọ kí ìyá Àyànkẹ́ ní Èrúwà, wọ́n sì fi Ìyanuolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kó lo ìyókù ọlidé níbẹ̀. Oòrùn dojú kọ wọ́n. Ọkùnrin náà ò sáré. Ẹ gbọ́ èyí, torí ohun tí ẹ ti ń sọ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ náà kọ́ nìyí: kò sáré, kò mutí. Ó kàn dé ibi tí kò yẹ kí nǹkan wà ni, nǹkan sì wà níbẹ̀. Ọ̀kadà wọ abẹ́ ìdí tirela. Tíṣà fò lọ sínú koríko, kò mira. Àyànkẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀kadà wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí ọ̀dà. Ó mọ̀ mí, ó máa ń ra láfún lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá Ṣèyífúnmi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e kúrò." Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mi ò gbé ìkejì. Ìpàdé wa ló wá sí mi lọ́kàn, ìwé tíṣà, ẹ̀rín yín, bí gbogbo ayé ṣe máa sọ pé tíṣà ṣáà kìlọ̀ fún mi. Mo yí padà, mo wọ oko Akínladé, mo ń ṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ tewétewé. Ó tún pè mí. Mo kó ewé náà mọ́ àyà, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi lójú títì. Ọgbọ̀n gééré, bí tíṣà ti wí. Mo tò ó síbẹ̀, mo sì tò díẹ̀ sí ìdí tirela. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè pe orúkọ ọmọ mi mọ́, "Màmá" nìkan ló sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lọ gbé ọ̀kadà kúrò lára rẹ̀, tí mo wá ń pariwo pé kí aráyé gbà mí. Kí a tó dé ọsibítù, ó ti kú. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú tí mo fi já ewé ni ì bá gbà á là. Ẹ má bi mí. Mo ń bi ara mi tó.

Ẹni méjì ló mọ̀. Mùstàfá padà dé pẹ̀lú bẹ́ríǹ lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó wá gbé wa. Ó lóṣòó sí ìdí tirela, ó ní, "Ìyá, gíláàsì iná ọ̀kadà wà lábẹ́ ewé yìí." Mo fẹsẹ̀ gbá gíláàsì náà sínú koríko. Mo ní, "Níbo ló wà báyìí?" Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹnì kejì ni Bàbá Akínladé, tó sáré jáde láti inú oko rẹ̀ lọ́jọ́ náà nígbà tó gbọ́ igbe mi. Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi nílé. Ó ní, "Àjíkẹ́, wọ́n ní o sọ fún ọlọ́pàá pé aago mẹ́rin lo já ewé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ewé ẹ̀gẹ́ tó bá fi wákàtí méjì wà lórí ọ̀dà gbígbóná, ó ti rọ. Èyí tí mo bá níbẹ̀ ṣì ń dán. Ojú ibi tí o ti ṣẹ́ ẹ ṣì ń ṣoje." Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ àgbàdo àrọ̀kúrò yín ńkọ́? Ta ló máa bá yín tu ú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Ó ní, "Ojú àgbà kì í ríran tó bẹ́ẹ̀ lálẹ́." Ilẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tu lọ́dún yẹn. Bàbá, ẹ jókòó síwájú níbí, ẹ má wolẹ̀. Èmi ni mo ra ẹnu yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tà á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí Àyànkẹ́ pe ìpàdé ní Èrúwà, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Tíṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú igi lábíyá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀. Ó ní, "Mi ò rí ewé kankan lójú ọ̀nà." Wọ́n bi mí. Mo ní, "Mo já ewé. Mo tilẹ̀ ka ọgbọ̀n ìṣísẹ̀." Ìyá Àyànkẹ́ di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò fi ọmọ mi sílẹ̀ lójú títì." Ó wá yíjú sí àna rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí kò rí ewé tútù rẹpẹtẹ, kí ló ń wò? Ìyanuolúwa ò ní gun ohun tí o bá ń wà láéláé. Ọ̀dọ̀ wa ló máa gbé." Láti ọjọ́ náà, ẹnu géètì ni tíṣà ti máa ń kí ọmọ rẹ̀.

Ẹ rò pé èyí tó burú jù nìyẹn. Rárá. Ó ku ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, tíṣà fi ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn rìn wá sílé mi. Ó ní, "Màmá, mo wá tọrọ àforíjì. Mo pè yín ní òpùrọ́ lójú àwọn àna mi. Mo ti rò ó títí, mi ò sùn. Gbogbo èèyàn rí ewé náà, èmi nìkan ni mi ò rí i. A jẹ́ pé èmi ni mo pa Àyànkẹ́." Ó wò mí lójú, ó ń dúró. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Bí mo bá ti là á fún un nígbà náà, ì bá ti tán. Mo ní, "Ó ti tán, Tíṣà. Mo ti forí jì yín. Ẹ máa mójú tó ọ̀nà." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbà fún un, ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Mo jẹ́ kó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

Nítorí náà mi ò ní tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti forí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ji ẹni tí mo ṣẹ̀. Irú ẹnu wo ló kù fún mi láti fi tọrọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń mirí náà, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rù mí nìkan. Mo ka tirela mẹ́sàn-án níta kí n tó wọlé. Méjì péré ló ní iná lẹ́yìn. Mo rí irin ìtulẹ̀ tí wọ́n fi okùn so, tó sì wá láti Lánlátẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkan nínú yín ló máa jókòó bí mo ṣe jókòó, kó máa jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, ẹ má kórìíra òótọ́ nítorí ẹnu tó sọ ọ́. Ohun tó pa obìnrin yẹn nìyẹn, kì í ṣe bẹ́ríǹ.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ sílé tíṣà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó jókòó títí omi tó gbé kaná fi gbẹ. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ lè sọ ọ́ báyìí lójú àwọn àna mi ní Èrúwà?" Mo ní mo lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, mo máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n ṣe tiwọn. Mo ti fẹ́ ní kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé yín, mo ti yí èrò padà. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àjíkẹ́ já ewé nígbà tí obìnrin kan ń pè é. Tíṣà ló wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú igi rẹ̀. Èrúwà là ń lọ báyìí, ó ń lọ gba ọmọ rẹ̀. Ẹ yà, ká kọjá.