Òkúta Tí Mo Gbé Nàró

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógójì, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo bì í jáde.

Bíríkìlà olókùúta ni mí. Kí sìmẹ́ǹtì tó dáyé ni wọ́n ti ń fi òkúta kọ́lé, òfin àwọn tó ṣáájú náà ni ọ̀gá wa fi kọ́ wa: bí òkúta bá ṣe sùn nínú ilẹ̀ ni kó ṣe sùn lára ògiri. Tẹ́ ẹ bá gbé e nàró, òjò á máa bó o bí àlùbọ́sà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa o! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń mọ òpó ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, mo gbé òkúta kan nàró kí òpó lè tètè ga. Ọ̀lẹ èèyàn!

Lọ́dún kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ọ̀gá kó wa jọ síwájú òpó náà. "Ta ló ṣe èyí?" Ọlọ́wọ́ Òsì ló dúró tì mí, àbúrò wa kan tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Mo nàka sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wojú mi. Ṣé èmi ni?" Mo wojú ẹ̀ kòrókòró. Mo ní, "Ìwọ ni. Ìṣojú mi lo ṣe é." Yéè! Wọ́n lé e lọ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ òkúta náà lójú. Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ òkúta fún un. Iṣẹ́ fọganáísà ló ṣe títí orí ẹ̀ fi funfun, èmi sì di ọ̀gá.

Lóṣù tó kọjá, ọmọọmọ mi tó ń lọ ilé ìwé náà sọ pé òpó yẹn tún ti ń bó. Oorun dá lójú mi. Àmọ́ mo borí ara mi! Èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì fi igi gbé àtérígbà dúró, mo fọwọ́ ara mi yọ òkúta burúkú yẹn. Mo pe àwọn olùkọ́, mo pe gbogbo bíríkìlà, mo pe Ọlọ́wọ́ Òsì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Èmi ni mo ṣe é. Mo parọ́ mọ́ ọ. Dákun, dárí jì mí."

Ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógójì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà lọ́ra o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò tíì lè dárí jì yín. Ẹ wá láago méje ọ̀la. Èmi ni màá mọ òpó yẹn, ẹ̀yin lẹ máa po sìmẹ́ǹtì fún mi."

Àṣé òtítọ́ dùn tó báyìí! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má pẹ́ tó mi kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń po sìmẹ́ǹtì, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Láàárọ̀ yìí, ó pariwo mọ́ mi látorí àkàsọ̀ pé omi ti pọ̀ jù, mo sì yáa dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá!"